Gbígbé dísìkì ètò ìṣiṣẹ́ sórí mọ́dábọ́ọ̀dù tuntun

Gbígbé dísìkì ètò ìṣiṣẹ́ sórí mọ́dábọ́ọ̀dù tuntun ni yíyọ dísìkì tí Windows, Linux tàbí ètò ìṣiṣẹ́ mìíràn wà lórí rẹ̀ kúrò lára mọ́dábọ́ọ̀dù kan, kí a sì so ó mọ́ òmíràn, láìpa ohun tí ó wà lórí rẹ̀ rẹ́, àti láìfi ètò ìṣiṣẹ́ náà sí i lọ́tun. Ó máa ń wáyé nígbà tí mọ́dábọ́ọ̀dù àtijọ́ bá jóná, nígbà tí kọ̀ǹpútà bá gbó, tàbí nígbà tí oníkọ̀ǹpútà bá ra èyí tí ó lágbára jù ú lọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ inú rẹ̀ kò pọ̀. Ohun tí ó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ó wà lórí dísìkì. Apá kan wà lára mọ́dábọ́ọ̀dù, apá yìí kì í sì í bá dísìkì lọ. Bí a kò bá wá a sílẹ̀ kí a tó tú dísìkì, gbogbo fáìlì lè wà níbẹ̀ láìfarapa, kí ó má sì sí ọ̀nà láti ṣí wọn.

Ohun tí ó ń bá dísìkì lọ àti ohun tí ó ń ṣẹ́kù

Dísìkì ni ibi ìpamọ́ tí kì í gbàgbé nígbà tí iná bá lọ. Ó lè jẹ́ hard disk tí ó ní awo tí ń yí nínú, tàbí SSD tí kò ní ohun kankan tí ń yí. Lórí rẹ̀ ni ètò ìṣiṣẹ́ wà, pẹ̀lú àwọn ètò mìíràn tí oníkọ̀ǹpútà fi sí i, fáìlì rẹ̀, àti àwọn dráífà. Dráífà ni ètò kékeré tí ń jẹ́ kí ètò ìṣiṣẹ́ mọ bí yóò ṣe lo ohun èlò kan, bíi Wi-Fi, agbọ́hùn tàbí ojú kọ̀ǹpútà. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ó ń bá dísìkì lọ.

Ohun mẹ́rin ni ó ń ṣẹ́kù sọ́dọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́:

1. Fámúwíà. Èyí ni ètò tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù fi sínú ṣíìpù rẹ̀. Òun ni ó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ bí a bá tan kọ̀ǹpútà. Òun ni ó ń wá dísìkì, tí ó sì ń fi iṣẹ́ lé ètò ìṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Fámúwíà ayé àtijọ́ ni BIOS, tí ó bá kọ̀ǹpútà IBM PC jáde ní ọdún 1981. Ti òde òní ni UEFI, tí ẹgbẹ́ Unified EFI Forum ti ń bójú tó láti ọdún 2005.

2. Àkọsílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tí ó ń lo UEFI, orúkọ ètò ìṣiṣẹ́ àti ibi tí ó wà lórí dísìkì ni a kọ sínú mẹ́mòrì kékeré kan lára mọ́dábọ́ọ̀dù. Mọ́dábọ́ọ̀dù tuntun kò ní àkọsílẹ̀ yìí.

3. Ṣíìpù ààbò tí a ń pè ní TPM. Ó lè dá dúró lára mọ́dábọ́ọ̀dù, ó sì lè wà nínú prọ́sẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀. Níbẹ̀ ni Windows sábà máa ń tọ́jú ohun tí ó fi ń ṣí dísìkì tí a ti tì pa.

4. Ìdánimọ̀ ẹ̀rọ. Microsoft máa ń wo àwọn ohun èlò kọ̀ǹpútà, pàápàá jù lọ mọ́dábọ́ọ̀dù, láti mọ̀ bóyá láísẹ́ǹsì Windows kan tọ́ sí ẹ̀rọ náà.

Ìtàn

Windows XP, tí ó jáde ní ọdún 2001, máa ń di mọ́ àwọn ohun èlò tí ó bá lára ẹ̀rọ ní ọjọ́ tí a fi í sí i. Bí a bá gbé dísìkì rẹ̀ lọ sórí mọ́dábọ́ọ̀dù tí ohun tí ń darí dísìkì lára rẹ̀ yàtọ̀, ojú aláwọ̀ búlúù ni ó sábà máa ń yọ, pẹ̀lú nọ́ńbà 0x0000007B. Ìtumọ̀ nọ́ńbà yìí ni pé Windows kò rí dísìkì tí òun fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀. XP náà ni ó mú ìfọwọ́sí láísẹ́ǹsì bá Windows: bí ohun èlò tí ó yí padà bá pọ̀, ètò náà yóò ní kí oníkọ̀ǹpútà wá gba ìfọwọ́sí lọ́tun. Nítorí ìdí méjèèjì yìí, ọ̀pọ̀ atúnkọ̀ǹpútàṣe gbà pé bí mọ́dábọ́ọ̀dù bá ti yí padà, àfi kí a fi Windows sí i lọ́tun.

Ọ̀rọ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀. Windows 8, tí ó jáde ní ọdún 2012, àti Windows 10, tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 2015, ní dráífà púpọ̀ nínú, wọ́n sì lè wá ohun èlò tuntun mọ̀ fúnra wọn nígbà ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ààbò náà ń le sí i. Windows 8 ni ó mú Secure Boot wọlé, èyí tí kì í jẹ́ kí ètò tí a kò fọwọ́ sí bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Windows 11, tí ó jáde ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2021, ní kí ẹ̀rọ ní TPM 2.0. Láti ẹ̀yà 24H2 rẹ̀ ní ọdún 2024, bí a bá fi Windows 11 sórí ẹ̀rọ lọ́tun, tí a sì wọlé pẹ̀lú àkáǹtì Microsoft, ó sábà máa ń ti dísìkì pa fúnra rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní kúkúrú, ohun tí ó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ láyé ọjọ́un ni dráífà. Ohun tí ó máa ń bà á jẹ́ lóde òní ni kọ́kọ́rọ́.

Ní Mowe, Ibafo àti Ifo

Mowe àti Ibafo wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, lójú òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ifo wà lójú ọ̀nà àtijọ́ láti Èkó sí Abẹ́òkúta, òun sì ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣùgbọ́n Èkó ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún pọ̀ ní agbègbè náà: Mountain Top University wà ní Ibafo, ọgbà ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ Olabisi Onabanjo University sì wà ní Ìbògùn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifo.

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ń lò níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti Nàìjíríà lápapọ̀, ni tòkunbọ̀, ìyẹn èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti lò ní Òyìnbó kí a tó kó o wọlé. Iná tí ó yẹ kí ó dúró sí bíi fóòtì 230 a máa relẹ̀, a sì máa ru sókè lójijì nígbà tí wọ́n bá mú un dé. Irú iná bẹ́ẹ̀, àti ti jẹnẹrétọ̀ tí kò dúró sójú kan, jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó máa ń ba ṣájà àti mọ́dábọ́ọ̀dù jẹ́. Dísìkì sábà máa ń yè é nígbà tí mọ́dábọ́ọ̀dù bá kú, ìdí nìyí tí gbígbé e lọ sórí òmíràn fi máa ń jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń rò.

Bí àtúnṣe bá ju ohun tí ẹnjiníà àdúgbò lè ṣe lọ, ọjà Computer Village ní Ìkẹjà, ní agbègbè òpópónà Otigba, ni a sábà máa ń gbé ẹ̀rọ lọ. Ará Mowe àti Ibafo a gba Ojodu-Berger wọ Èkó. Ará Ifo a gba Ṣàngó-Ọ̀tà. Oríṣi ìdáhùn mẹ́ta ni oníbàárà lè bá bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnjiníà, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì túmọ̀ sí fún dísìkì yàtọ̀:

• Títún mọ́dábọ́ọ̀dù kan náà ṣe. Bí a kò bá pààrọ̀ ṣíìpù fámúwíà, prọ́sẹ́sọ̀ tàbí TPM, dísìkì yóò bẹ̀rẹ̀ bí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

• Fífi mọ́dábọ́ọ̀dù oríṣi kan náà rọ́pò. Dráífà kò ní yí padà púpọ̀. Ṣùgbọ́n TPM ara mọ́dábọ́ọ̀dù kejì kò mọ dísìkì náà rí, nítorí náà Windows tí a ti tì pa yóò béèrè kọ́kọ́rọ́.

• Ríra ẹ̀rọ mìíràn, kí a wá gbé dísìkì sínú rẹ̀. Níbí ni dráífà, ìlànà ìbẹ̀rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ àti láísẹ́ǹsì ti lè dá wàhálà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nínú gbogbo rẹ̀, ohun tí ó wà nínú ewu kì í ṣe ẹ̀rọ. Iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ó gbé e fún olùkọ́ rẹ̀ lè wà lórí dísìkì bẹ́ẹ̀, tàbí ìwé gbèsè àti orúkọ gbogbo oníbàárà ilé ìtẹ̀wé kan. A lè ra mọ́dábọ́ọ̀dù mìíràn. Àwọn wọ̀nyí kò sí lọ́jà.

Ìmúrasílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́

Bí ẹ̀rọ àtijọ́ bá ṣì lè tàn, àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ni ó yẹ kí a ṣe lórí rẹ̀ kí a tó fi ọwọ́ kan síkúrúù kankan:

1. Kí a da fáìlì pàtàkì kọ sí ibòmíràn. Dísìkì tí ó ní 500 GB fáìlì, bí ó bá ń dà wọ́n kọ ní 100 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò gbà tó ìṣẹ́jú 83. Nítorí náà, kí bátìrì tàbí ìnfátà tí a gbẹ́kẹ̀ lé tó iṣẹ́ náà kí a tó bẹ̀rẹ̀.

2. Kí a wo bóyá dísìkì ti wà ní títì pa. Lórí Windows, àṣẹ manage-bde -status, tí a tẹ̀ sínú Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alábòójútó ẹ̀rọ, yóò fi hàn. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí a wá kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà BitLocker. Nọ́ńbà 48 ni. Ó lè wà nínú àkáǹtì Microsoft tí a fi wọlé sórí ẹ̀rọ náà, tàbí nínú àkáǹtì ilé-iṣẹ́ tàbí ilé-ẹ̀kọ́. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí a má ṣe tọ́jú rẹ̀ sórí dísìkì kan náà.

3. Kí a dá BitLocker dúró fún ìgbà díẹ̀, tàbí kí a ṣí dísìkì náà pátápátá. Ṣíṣí i pátápátá ń gba àkókò, ṣùgbọ́n òun ni ó dájú jù.

4. Kí a kọ ìlànà ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá tẹ Windows àti R pọ̀, tí a kọ msinfo32, ìlà tí ó ń jẹ́ "BIOS Mode" yóò sọ bóyá UEFI tàbí Legacy ni.

5. Kí a mọ oríṣi láísẹ́ǹsì. Àṣẹ slmgr /dli yóò fi hàn bóyá ó jẹ́ OEM, tí a so mọ́ ẹ̀rọ tí a tà á pẹ̀lú rẹ̀, tàbí Retail, tí a lè gbé lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn.

6. Kí a pa kọ̀ǹpútà pátápátá. Láti Windows 8, ètò Fast Startup ń tọ́jú apá kan Windows sórí dísìkì nígbà tí a bá pa ẹ̀rọ, kí ó lè tètè bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a tọ́jú yìí wà fún ẹ̀rọ àtijọ́ nìkan. Bí a bá di bọ́tìnnì Shift mú nígbà tí a bá ń tẹ "Shut down", Windows kò ní tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ àtijọ́ ti kú

Bí ẹ̀rọ àtijọ́ kò bá tàn mọ́, a kò lè ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ òkè yìí. Ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wáyé ni dída fáìlì kọ, kì í ṣe gbígbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ Windows. A ó fi dísìkì sínú ilé dísìkì tí ó ní okùn USB, a ó sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí kọ̀ǹpútà kejì bá béèrè bóyá kí ó "format" tàbí kí ó "initialize" dísìkì náà, "bẹ́ẹ̀ kọ́" ni ìdáhùn, nítorí pé iṣẹ́ méjèèjì lè pa ọ̀nà àtidé ibi fáìlì rẹ́.

Bí dísìkì bá wà ní títì pa, kọ̀ǹpútà kejì yóò béèrè nọ́ńbà 48 náà. A lè fi fóònù wọ inú àkáǹtì Microsoft láti wá a. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí kò sì sí nínú ìwé tàbí lórí fíláàṣì kankan, kò sí ẹnjiníà tí ó lè ṣí dísìkì náà, Microsoft fúnra rẹ̀ kò sì lè ṣí i. Owó tí a bá san fún ẹni tí ó bá ní òun lè ṣí i láìsí kọ́kọ́rọ́ yóò ṣòfò.

Títú àti síso

Kí a yọ ṣájà, kí a sì já bátìrì ẹ̀rọ alágbèéká kúrò kí a tó tú ohunkóhun. Iná ara jẹ́ ewu fún ṣíìpù, ó sì máa ń pọ̀ ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Kí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ fọwọ́ kan irin ara kọ̀ǹpútà kí ó tó di dísìkì tàbí mọ́dábọ́ọ̀dù mú, kí ó má sì ṣiṣẹ́ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Dísìkì SATA ní ibi ìsomọ́ méjì, ọ̀kan fún dátà àti ọ̀kan fún iná. SSD oríṣi M.2 rí bí igi pelebe kékeré. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ tó mílímítà 22, ó sì gùn tó 80. A máa ń kì í bọ ojú ihò rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí a tó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí a sì fi síkúrúù kan dè é. M.2 kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Àwọn kan ń lo SATA, àwọn mìíràn ń lo NVMe, ojú ihò ara mọ́dábọ́ọ̀dù sì lè jẹ́ èyí tí ó gba ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì. Dísìkì tí ó wọ ihò dáadáa, síbẹ̀ tí fámúwíà kò rí i, lè jẹ́ pé oríṣi rẹ̀ ni ihò náà kò gbà. Ìwé mọ́dábọ́ọ̀dù ni ó ń sọ èyí.

Ìbẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́

Nígbà àkọ́kọ́ tí a bá tan ẹ̀rọ tuntun, inú fámúwíà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, bọ́tìnnì F2, F10 tàbí Delete ni a ń tẹ̀. Ohun mẹ́ta ni a ń yẹ̀ wò níbẹ̀.

Èkíní ni bóyá orúkọ dísìkì hàn. Bí kò bá hàn, ìsomọ́ tàbí oríṣi ihò ni kí a wò, kì í ṣe Windows.

Èkejì ni ìlànà ìbẹ̀rẹ̀. Dísìkì tí a fi Windows sí ní ìlànà Legacy ń lo ìpín MBR, tí kò lè lò ju nǹkan bíi 2 TB lọ. Èyí tí a fi sí ní ìlànà UEFI ń lo ìpín GPT. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun kò gba Legacy mọ́. Láti ọdún 2017, Windows 10 ní ètò mbr2gpt tí ó lè sọ MBR di GPT láìpa fáìlì rẹ́, ṣùgbọ́n ó sàn kí a lò ó kí a tó yọ dísìkì kúrò lára ẹ̀rọ àtijọ́.

Ẹ̀kẹta ni bí fámúwíà ṣe ń darí dísìkì: AHCI, RAID tàbí, lára àwọn ẹ̀rọ Intel láti ìran kọkànlá, VMD. Bí ètò yìí bá yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ àtijọ́, tí Windows kò sì ní dráífà rẹ̀, ojú aláwọ̀ búlúù tí ó ní àkọlé INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE lè yọ. Ó jẹ́ wàhálà kan náà tí àwọn tí ó lo XP mọ̀ sí 0x0000007B. Yíyí ètò náà padà sí bí ó ti wà lára ẹ̀rọ àtijọ́ ni ó sábà máa ń yanjú rẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá tọ̀nà, síbẹ̀ tí fámúwíà ní òun kò rí ètò ìṣiṣẹ́, àkọsílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ni kò sí. UEFI ní ibi kan tí ó máa ń yà sí bí kò bá rí àkọsílẹ̀, ìyẹn fáìlì BOOTX64.EFI nínú àpò EFI\BOOT lórí dísìkì. Windows sábà máa ń fi fáìlì yìí síbẹ̀. Bí kò bá sí, fíláàṣì tí a fi ń fi Windows sí ẹ̀rọ ní ibi àtúnṣe tí a ti lè lo àṣẹ bcdboot láti kọ ọ́ lọ́tun.

Lẹ́yìn tí Windows bá bẹ̀rẹ̀

Ìbẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń pẹ́, nítorí pé Windows ń wá dráífà fún ohun èlò tuntun. Ẹ̀rọ lè tún ara rẹ̀ tàn lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Kí a má ṣe pa á ní agídí. Bí Wi-Fi kò bá ṣiṣẹ́, a lè fi okùn USB so fóònù mọ́ ọn, kí Windows fi rí íntánẹ́ẹ̀tì láti gba dráífà yòókù. Nínú Device Manager, ohun èlò tí dráífà rẹ̀ kò tíì sí máa ń ní àmì ìkìlọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ní ti láísẹ́ǹsì, ẹni tí ó bá ní láísẹ́ǹsì Retail, tí ó sì ti so ó mọ́ àkáǹtì Microsoft rẹ̀, lè lo ètò ìtọ́nà nínú ojú ewé Activation láti sọ pé òun pààrọ̀ ohun èlò. Windows 10 ti ní ètò yìí láti ọdún 2016. Láísẹ́ǹsì OEM kì í bá dísìkì lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ kejì bá ti ní láísẹ́ǹsì tirẹ̀ fún ẹ̀yà Windows kan náà, bí ó ti sábà rí lára àwọn tòkunbọ̀, Windows sábà máa ń gba ìfọwọ́sí fúnra rẹ̀ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti wà.

Ohun kan tún wà tí ó kan mọ́dábọ́ọ̀dù tòkunbọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń fi orúkọ ẹ̀rọ wọn sílẹ̀ sọ́dọ̀ Microsoft nínú ètò Windows Autopilot. Bí wọn kò bá yọ orúkọ náà kí wọ́n tó tà á, dísìkì tí a gbé wá lè ṣiṣẹ́ láìsí ìdíwọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bá fi Windows sí ẹ̀rọ náà lọ́tun ni yóò ní kí a wọlé pẹ̀lú àkáǹtì ilé-iṣẹ́ tí a kò mọ̀ rí. Ó dára kí a béèrè èyí, àti bóyá fámúwíà ní ọ̀rọ̀ aṣínà, kí a tó sanwó.

Linux

Linux sábà máa ń gba mọ́dábọ́ọ̀dù tuntun ju Windows lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú dráífà rẹ̀ ni ó ń bá kẹ́nẹ̀lì rẹ̀ rìn. Kò sì ní láísẹ́ǹsì tí a so mọ́ ẹ̀rọ. Síbẹ̀, àwọn ohun díẹ̀ lè yí padà. Orúkọ dísìkì bíi /dev/sda lè di òmíràn. Bí fáìlì fstab bá ń fi nọ́ńbà UUID mọ dísìkì, èyí kò ní pa á lára. Orúkọ ìsomọ́ íntánẹ́ẹ̀tì náà lè yí padà. Àwọn ẹ̀yà Linux kan, bíi Fedora, máa ń ṣe àpò ìbẹ̀rẹ̀ tí dráífà ẹ̀rọ kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀. Ní irú ipò yìí, kẹ́nẹ̀lì ìgbàlà tí ó wà nínú àtòjọ ìbẹ̀rẹ̀ ni a ó yàn, kí a lè ṣe àpò náà lọ́tun.

Ìyàtọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù wà nínú títì dísìkì pa. LUKS, tí Linux sábà máa ń lò, ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sórí dísìkì fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà tí oníkọ̀ǹpútà mọ̀ sì ni ó ń ṣí i. Nítorí náà, ó ń bá dísìkì lọ síbikíbi, àfi bí a bá dìídì so ó mọ́ TPM.

Àwọn ẹ̀rọ tí kò ṣeé ṣe fún

Àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí owó wọn kéré ń lo ibi ìpamọ́ eMMC tí a jó mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù. Kò sí dísìkì tí a lè yọ lára wọn. Lára Mac tí ó ní ṣíìpù T2, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017, àti àwọn tí ó ń lo ṣíìpù Apple láti M1 ti ọdún 2020, kọ́kọ́rọ́ tí a fi ti dátà pa wà nínú ṣíìpù náà. Bí ṣíìpù bá kú, dátà ti lọ. Fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà ìpamọ́ tí a ṣe ṣáájú nìkan ni ó lè gbani. Bákan náà, Windows tàbí Linux tí a ṣe fún prọ́sẹ́sọ̀ Intel àti AMD kò lè bẹ̀rẹ̀ lórí prọ́sẹ́sọ̀ ARM.

Gbígbé dísìkì tàbí fífi ètò sí i lọ́tun

Fífi ètò ìṣiṣẹ́ sí ẹ̀rọ lọ́tun ń mú ẹ̀rọ tí ó mọ́ wá, láìsí dráífà àtijọ́ tí kò wúlò mọ́. Ó yẹ ní pàtàkì bí dísìkì bá ti gbó, bí kòkòrò kọ̀ǹpútà bá wà lórí rẹ̀, tàbí bí ètò náà bá ti ju ọdún púpọ̀ lọ. Gbígbé dísìkì yẹ bí ètò tí a kò lè rí gbà mọ́ bá wà lórí rẹ̀, tàbí bí dátà tí a ó fi gba àwọn ètò yòókù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì bá wọ́n jù. Nínú méjèèjì, ẹ̀dà fáìlì tí ó wà níbòmíràn ni ó yẹ kí ó ṣáájú.

Ààbò dátà oníbàárà

Dísìkì tí a gbé fún atúnkọ̀ǹpútàṣe ń gbé gbogbo ohun tí ó wà lórí rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Fún ilé ìtẹ̀wé àti káfè tí ń bá ènìyàn forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC, tàbí tí ń tẹ ìwé NIN, ìyẹn lè jẹ́ orúkọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Òfin Nigeria Data Protection Act, tí Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, ní kí ẹni tí ó bá ń tọ́jú irú dátà bẹ́ẹ̀ dáàbò bò ó. Bí dátà náà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́nà tí ó lè pa àwọn tí ó ni í lára, ó gbọ́dọ̀ fi tó àjọ Nigeria Data Protection Commission létí láàárín wákàtí 72 tí ó bá ti mọ̀.

Nítorí èyí, bí ó bá jẹ́ pé mọ́dábọ́ọ̀dù nìkan ni a fẹ́ tún ṣe, oníkọ̀ǹpútà lè yọ dísìkì sílẹ̀ nílé kí ó tó gbé ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà. Ẹnjiníà lè fi dísìkì tirẹ̀ dán mọ́dábọ́ọ̀dù wò. Bí a bá sì ta ẹ̀rọ àtijọ́ lẹ́yìn tí a ti yọ dísìkì rẹ̀, kò sí fáìlì oníbàárà kankan tí yóò bá a lọ sọ́jà.